Ta ló máa jẹ nínú owó Osimhen?

Níbi tí mo ti ń jẹun nítòsí sẹkitéríàtì l'Ábẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí àwọn gende méjì wọ̀yá ìjà. Galatasaray gbà láti san mílíọ̀nù 75 Yúrò fún Napoli lórí Victor Osimhen. Ọ̀kan ní owó yẹn ti pọ̀ jù. Èkejì ní ẹni tó gbá góòlù 37 wọlé fún wọn ní sáà 2024/25 tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ná.

Èmi ò dá sí i. Òfin ni mo kà, ìwé ni mo máa ń wò. Òfin FIFA ní tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù lọ sílẹ̀ òkèèrè kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Lórí mílíọ̀nù 75, ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ fún ọdún kan péré, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, ní Yúrò 187,500 níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò forúkọ ara rẹ̀ àti ti ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NFF, kí ló fẹ́ fi gba tiẹ̀? Fọ́tò? Aṣiṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Ẹ̀yin kóòṣì Òṣogbo àti Iléṣà, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Napoli ti mọ iye tí Osimhen tó. Ti ọmọ àdúgbò yín ló kù tẹ́ ẹ máa jà fún.