Ẹ Rán Ọmọ Náà Níṣẹ́

Mo mọ̀ pé ilé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó kún lásìkò yìí. Láti ìparí oṣù keje tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Ọba ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èyí tí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ni àwọn ẹbí wa ti ń ti òkè òkun dé pẹ̀lú àpótí ńláńlá àti àwọn ọmọ tí wọ́n ga ju bí a ṣe ń rí wọn lójú fóònù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ìdílé wọn wà lára àwọn tí ó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n lò pẹ̀lú wa ní ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí mo sì rí láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kò jẹ́ kí n lè kọ nǹkan mìíràn lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ kẹfà tí wọ́n dé, Màmá Àgbà pe bàbá mi sí yàrá wọn. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ká aṣọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ní: “Ọmọ mi ni mo ní kí ẹ bá mi mú wá. Àlejò lẹ kó wá bá mi.”

Bàbá mi kò fèsì. Èmi náà kò lè ká aṣọ mọ́, nítorí pé mo wà lára àwọn tí ó sọ àwọn ọmọ náà di àlejò.

Kí wọ́n tó dé, a ti fi ọ̀dà tuntun kun yàrá kan. A ra epo sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, a ra omi inú ike, a ra oúnjẹ inú páálí tí àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù máa ń da mílíìkì sí láàárọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo tí ó wà nínú ilé, yàrá wọn ni a gbé e lọ. Bí èyí obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bá dìde láti gbé abọ́ tí ó fi jẹun, ọwọ́ mẹ́ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Màmá Àgbà bá pe ọmọ kan, ọ̀kan nínú wa yóò ti sáré dé ibẹ̀ kí ọmọ náà tó gbé ojú sókè lára fóònù. “Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, ọ̀nà jìn.” Fún odidi ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀nà ṣì jìn. Wọn a jáde láàárọ̀, èyí obìnrin a kúnlẹ̀, èyí ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀ bí ìyá wọn ti kọ́ wọn, wọn a ní “Ẹ káàárọ̀, mà,” wọn a sì padà sínú òtútù yàrá wọn. Màmá Àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n ti ń retí wọn láti ọdún mẹ́fà, yóò wá ku àwọn nìkan lórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò dùn ún sọ. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló ń jẹ́ kí á máa gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Owó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi owó ilé-ìwé àwọn àbúrò ránṣẹ́, tí ó san owó páànù tí a fi tún òrùlé ṣe, tí gbogbo wa sì ń wo ẹnu àpótí rẹ̀, ó ṣòro kí á rán ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ pọn omi wá. A kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọdún 2019 ni wọ́n ti wá kẹ́yìn, kò sì rí báyìí. Lọ́dún náà, ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ni Iléyá bọ́ sí, àárín ìsinmi wọn gan-an. Ẹ sáà mọ ohun tí àwọn àgbà sọ pé ó wà nínú orúkọ ọdún náà: ilé yá. Ilé sì yá lóòótọ́. Àwọn ìbátan wá láti Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá. Yàrá kò tó, ẹní ni a tẹ́ sí pálọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ráyè ṣe ẹnikẹ́ni lálejò. Ọmọ ọdún méje ni èyí obìnrin nígbà náà. Nígbà tí wọ́n pa àgbò tán, tí wọ́n pín ẹran sí ọ̀nà mẹ́ta, ti ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní, ta ni yóò gbé e kiri? Àwọn ọmọdé ni. Wọ́n gbé abọ́ lé òun náà lọ́wọ́, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé bíi mẹ́wàá. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, wọn a bi í pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Wọn a wo ojú rẹ̀, wọn a ní imú bàbá àgbà rẹ̀ ni ó gbé wá, wọn a sì fi owó lé e lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti mọ ilé àbúrò bàbá àgbà, ó ti mọ ilé alágbẹ̀dẹ tí ó kọjú sí wa, tí ajá ibẹ̀ kì í dákẹ́, ó sì ti mọ ìyá arúgbó kan tí kò ríran mọ́, tí ó fi ọwọ́ kàn án lójú kí ó lè mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, a kó wọn lọ sí Ojúde Ọba. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ bí ó ṣe rí: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tọkùnrin tobìnrin, tí ọjọ́ orí kó jọ sínú ẹgbẹ́ kan, nínú aṣọ tí wọ́n jọ dá, àwọn ìdílé balógun lórí ẹṣin. Ìtàn tí a gbọ́ dàgbà ni pé àwọn Mùsùlùmí ìlú ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó jọ ń lọ. Ohun tí ó wọ ọmọ ọdún méje yẹn lọ́kàn kò ju pé ìyá rẹ̀ jó kọjá níwájú ọba láàrin àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Títí tí a fi sùn ni ó ń béèrè pé ẹgbẹ́ wo ni tòun.

Ṣùgbọ́n oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé. Lọ́dọọdún, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni, Ojúde Ọba sì bọ́ sí ọjọ́ 8. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Ọba kò tíì gba ìsinmi rárá. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀: ó di ọdún 2051 kí Iléyá tó tún bọ́ sí àárín oṣù kẹjọ. Èyí obìnrin yóò ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Mo sọ ọ́ fún Màmá Àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá àwọn kí i.

Nígbà tí wọ́n fi dé lóṣù kẹjọ, ìlú pàápàá kò ní ọba. Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tí wọ́n gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje. Àwọn ni ọba tí bàbá mi bá lórí ìtẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú. Kò sí àgbò, kò sí ẹṣin, kò sí abọ́ ẹran tí ọmọ kan yóò gbé kiri. Ọdún ni ó ti ń bá wa rán àwọn ọmọ níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwa kò sì fura. Nígbà tí ọdún kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ṣẹ́kù.

Ní ọjọ́ keje, Màmá Àgbà pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Àbẹ̀kẹ́!”

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Wọ́n tún pè. Mo dìde, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ìgbà kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi tó rántí pé ọmọ àwọn ni wọ́n ń pè. Oríkì tí Màmá Àgbà fún un ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni, láti 2019 kò sì sí ẹni tí ó tún fi pè é.

Ọmọ náà jáde. Màmá Àgbà tú kókó etí ìró wọn, wọ́n yọ owó, wọ́n ní kí ó lọ bá àwọn ra ewùrà wá lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. “Màmá, ọmọ yìí ò gbọ́ Yorùbá dáadáa.”

“Ẹnu ta ni ì bá ti gbọ́ ọ? Ìwọ tí ò ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀?”

Gbogbo wa dákẹ́. Omi lé sójú ẹ̀gbọ́n mi. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tó sọ tẹnu wọn fún mi. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, tí kò tètè sọ̀rọ̀, ẹnìkan tí wọ́n fọkàn tán sọ fún wọn pé èdè méjì ni ó ń dà á lórí rú, kí wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n mú ọ̀kan. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, kò sí ìyá, kò sí ìyá ọkọ nítòsí. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn náà kò dára. Ọmọ mélòó ni ó ń gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta dàgbà ní Èkó, tí orí wọn sì pé?

Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan nínú ilé ni ó tẹ̀ lé e lọ. Àṣẹ tí Màmá Àgbà pa fún un ni pé kí ó mú un dé ọjà, kí ó mú un padà wálé, kí ó má sì la ẹnu.

Iṣu ni Àbẹ̀kẹ́ rà bọ̀. Iṣu gidi, ó tóbi, ó gùn. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Wọn kò bínú rárá. Wọ́n ní kí ó gbé e padà, kí ó sọ fún ọlọ́jà pé ewùrà ni wọ́n rán òun.

Ẹnu ọmọ tí ó tẹ̀ lé e ni a ti gbọ́ ìyókù. Obìnrin náà kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ọjà tí òun bá ti tà kì í padà. Ó wá wo ojú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ ta ni ọ́?” Ọmọ wa ní, “Ọmọ Màmá Àgbà.” Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Màmá Àgbà mélòó ni kò sí ní Ìjẹ̀bú-Òde! Ó dúró, ó ronú. Ó ní, “Ilé wa… alágbẹ̀dẹ. Ajá.” Obìnrin náà ní, “Ilé tó kọjú sí alágbẹ̀dẹ?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó gba iṣu rẹ̀, ó fún un ní ewùrà, ó sì fi kékeré kan ṣe èènì.

Ìkókọrẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ewùrà náà ṣe. Ọmọ náà ni wọ́n ní kí ó rin ín lórí páànù tí a fi ìṣó lu ihò sí, ó sì fi ìka bó níbi tí ó ti ń yára. Ẹ̀gbọ́n mi sáré gbé báńdéèjì dé. Màmá Àgbà na ìka tiwọn fún ọmọ náà, wọ́n fi àpá kan hàn án, wọ́n ní ewùrà ló ṣe é, ní ọdún tí wọ́n wọlé ọkọ. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń já ewùrà rírin náà sínú ata àti epo tí ń hó lórí iná, tí a kì í tètè rò ó kí ó má baà fọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kò pọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Èyí ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gba iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Láràárọ̀ ni yóò lọ sí ilé ọ̀rẹ́ Màmá Àgbà kan ní ilé kẹta, yóò bi í bóyá ó sùn dáadáa, yóò sì mú èsì wá. Ó kọ́kọ́ ń fi ìwé kékeré kọ èsì náà sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń dúró jẹ àkàrà níbẹ̀.

Ní Sátidé tí ó ṣáájú ìrìnàjò wọn, Màmá Àgbà ní àwọn fẹ́ ṣe ọdún. Bàbá mi béèrè ọdún wo. Wọ́n ní ọdún tí àwọn ọmọ àwọn wá. Adìyẹ mẹ́ta ni a pa. Àbúrò bàbá mi fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Iléyá aládìyẹ nìyí. Ṣùgbọ́n wọ́n pín in, díẹ̀díẹ̀, sínú abọ́ mẹ́wàá, Àbẹ̀kẹ́ àti àbúrò rẹ̀ ni ó sì gbé wọn lọ. A kò sọ ilé tí wọn yóò lọ fún wọn. Wọ́n ṣe àṣìṣe ilé kan, àwọn onílé náà sì jẹ adìyẹ wa ní tiwọn.

Lálẹ́, Màmá Àgbà ki gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀ pé èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gboyè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé tiwa. Nígbà tí ó kan Àbẹ̀kẹ́, ó ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó pè é tán. Lẹ́yìn náà ni ó bi ìyá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló dé tí wọn kì í fi orúkọ yẹn pe òun nílé. Ẹ̀gbọ́n mi gbá a mọ́ra, wọn kò wí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí tiyín ṣì wà lọ́dọ̀ yín, tí ọkọ̀ òfuurufú wọn kò tíì gbéra, ẹ má gba abọ́ lọ́wọ́ wọn mọ́. N kò sọ pé kí ẹ fi oòrùn pa ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ kékeré ni: kí ó lọ ra ata, kí ó lọ kí àgbà kan, kí ó gbé omi fún ìyá àgbà rẹ̀. Bí ó bá sì ra ohun tí ẹ kò rán an, ẹ rán an padà.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ó kọjá, àwòrán kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Àbẹ̀kẹ́ ni ó yà á ní ìsọ̀ kan ní Peckham, ó na ìka sí nǹkan gígùn kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì fi ohùn béèrè ní Yorùbá pé, “Màmá Àgbà, ṣé èyí ni?” Mo gbé fóònù náà fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n wò ó títí.

“Sọ fún un pé iṣu ni. Kí ó wo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.”