Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Láti Jí



Ní oṣù tí ó kọjá, díẹ̀ ni ó kù kí ìwé ìròyìn yìí má jáde. Inú kọ̀ǹpútà kan ni a ń kó orúkọ àwọn ọmọ tuntun, àwòrán ìgbéyàwó àti ìṣirò owó ẹgbẹ́ sí. Linux ni ó ń lò, irú tí à ń pè ní Ubuntu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń gba kernel tuntun lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Bátìrì rẹ̀ sì ti gbó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a tàn án, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì kọ "Kernel panic" síbẹ̀. Ẹnì kan tí ó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní kí a fọ́ọ̀mátì rẹ̀, èyíinì ni pé kí a nu gbogbo inú rẹ̀ mọ́, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Àyà akọ̀wé wa já. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa ni ó kúnlẹ̀ tí ó wí pé, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n nù ún. Ohun tí ẹ kó síbẹ̀ kò sọnù."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ohun tí ó kọ́ wa ni a fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀.

Kernel ni olórí iṣẹ́ nínú Linux. Òun ni ó dúró láàárín irin kọ̀ǹpútà àti gbogbo iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, títí di òní ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Bí tuntun bá dé, Ubuntu kì í lé ti àtijọ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ti Ogbomọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà wá sí Jọ́ọ̀sì kò wó ilé bàbá rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún tàn án. Bí àmì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá ti ń kọjá, ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti ayé àtijọ́, ẹ di Shift mú. GRUB yóò yọ. Ẹ mú "Advanced options for Ubuntu". Ẹ ó rí àwọn kernel pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ẹ mú èyí tí ó ṣáájú tuntun náà, tí a kò kọ "recovery mode" sí lẹ́yìn, kí ẹ tẹ Enter.

Bí ó bá jí, ẹ má tíì jó. Ẹ kọ́kọ́ da ìwé àti àwòrán yín kọ sínú fláàṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ kọ àwọn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

sudo dpkg --configure -a
sudo update-initramfs -u -k all
sudo update-grub

Ti àkọ́kọ́ yóò parí iṣẹ́ tí iná gé. Èkejì yóò tún initramfs ṣe, tí í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí kernel fi ń ṣí ilẹ̀kùn ibi tí ẹrù yín wà. Bí iná bá lọ kí a tó rọ ọ́ tán, kernel tuntun yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta yóò tún ìwé GRUB kọ. Bí ó bá ní àyè kò sí, ẹ fi "df -h /boot" wò ó. "sudo apt autoremove" a máa kó àwọn kernel tí a kò lò mọ́ kúrò.

Bí ti àtijọ́ náà kò bá jí, ẹ fi Ubuntu tí ó wà lórí fláàṣì tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ mú "Try Ubuntu", kí ẹ kó ẹrù yín jáde kí ẹnikẹ́ni tó nu ohunkóhun.

Tiwa jí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, a kì í gba kernel tuntun bí bátìrì kò bá kún, ẹ̀dà ìwé owó ẹgbẹ́ sì wà ní ilé mìíràn. Orúkọ àwọn ọmọ tuntun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù ni ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ bá àwọn òbí wọn yọ̀.