Kí Báńkì Ka Èrò Bí Ó Ti Ń Ka Owó

Ẹ̀yin ará wa tí iṣẹ́ àti òwò gbé wá sí Àbújá, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn ìlà báńkì ìparí oṣù fún nínú yín. Oníṣòwò a ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Wúsè, òṣìṣẹ́ a tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Gárkì, ará Nyanya a wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Síbẹ̀, wọn a dé báńkì bá káńtà mẹ́fà, akọ̀wé tí ó jókòó kò sì ju méjì lọ. Ọjọ́ a lọ báyẹn. Ọjà tí à bá tà kò tà, owó tí ìyá ń retí nílé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwa kò gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni èyí. Ọ̀ràn ìṣirò ni. Ní ọdún 1909, A. K. Erlang, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì tí ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí ìpè ti ń ya wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa ìlà títò ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Bí akọ̀wé kan bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin fún oníbàárà kan, ènìyàn 15 ni agbára rẹ̀ ká ní wákàtí kan. Bí ènìyàn 10 bá ń wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìṣirò fi hàn pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò lò tó ìṣẹ́jú 12 kí ó tó jáde. Bí wọ́n bá di 12, ó di ìṣẹ́jú 20. Bí wọ́n bá di 14, ó di wákàtí kan gbáko! Ènìyàn mẹ́rin péré ni ó lé, ìyà sì di ìlọ́po márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá fi akọ̀wé kejì kún un, tí gbogbo èrò sì tò sórí ìlà kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀ ni. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Nítorí pé ọjọ́ kò rí bákan náà, kọ̀ǹpútà ni a ń lò báyìí. A ó kọ àkókò tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan wọlé àti ìṣẹ́jú tí ó lò ní káńtà. Kọ̀ǹpútà yóò fi ṣe àfarawé ọjọ́ owó oṣù nígbà ẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú akọ̀wé méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ọ̀gá báńkì yóò ti rí ibi tí ìlà yóò ti wọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró nínú oòrùn.

Àwọn kan yóò ní fóònù àti àwọn oní-POS ti gba iṣẹ́ káńtà. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ kò yanjú lórí fóònù ni ó ń wọ báńkì. Àwọn mìíràn yóò ní owó oṣù akọ̀wé wọ́n. Ìṣirò náà kì í fi ìgbà gbogbo sọ pé kí á gba ènìyàn kún un; ó lè ní kí á yí àkókò oúnjẹ ọ̀sán padà, tàbí kí á pe akọ̀wé inú yàrá sí káńtà fún ọjọ́ mélòó kan.

A kò sọ pé ó ń wo gbogbo àrùn. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun yóò pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, ìlà tí ó wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, kì í ṣe àìtó akọ̀wé. Owó ni kò sí. Bí odò bá gbẹ, igbá púpọ̀ kò lè pọn omi. Ṣùgbọ́n báńkì tí ó bá ń ka èrò rẹ̀ kò ní fi àìtó ọwọ́ pe àìsí owó.

Nítorí náà, ó yẹ kí Báńkì Àpapọ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níhìn-ín, pàṣẹ kí ẹ̀ka báńkì kọ̀ọ̀kan máa kọ iye ìṣẹ́jú tí oníbàárà ń dúró sára ilẹ̀kùn rẹ̀ lóṣooṣù. Kí àwa náà má ṣe bú akọ̀wé tí ó dá nìkan jókòó; inú ìyà kan náà ni òun náà wà. Ọ̀gá rẹ̀ ni kí á fi ọ̀wọ̀ bi léèrè. Báńkì tí ó mọ kọ́bọ̀ wa í kà, ó yẹ kí ó mọ wákàtí wa í kà.