Fíìmù wọlé, èrò ìwòran túká: Ó yẹ kí sinimá padà sí Ìrẹsà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Fíìmù tó dùn náà, owó ló pa á, ẹnì kan ló sì ná owó ọ̀hún. Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń jiyàn lórí bóyá sinimá ló dára jù àbí fíìmù inú ilé kọ́kọ́ rò nìyẹn, pàápàá ní ìlú bíi Ìrẹsà Adú lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí kò ti sí ilé sinimá ìgbàlódé.

Àwọn àgbà kò ní í gbàgbé pé nígbà kan, sinimá ló ń wá bá ará oko nílé. Láyé ìjọba òyìnbó, ọkọ̀ ìjọba ló ń gbé e kiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á ta aṣọ funfun síta gbangba, tọmọdé tàgbà á sì gbé àpótí ìjókòó jáde. Nígbà tó yá, àwọn eléré tíátà gba iṣẹ́ náà ṣe. Olóyè Hubert Ògúndé gbé "Ayé" jáde lọ́dún 1979. Adéyẹmí Afọláyan, ìyẹn Adé Love, gbé "Kádàrá" jáde lọ́dún 1980. Àwọn àgbà òṣèré wọ̀nyí kì í fi fíìmù wọn rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dì í sọ́kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n á máa gbé e láti ìlú dé ìlú. Níbi tí kò bá sí ilé sinimá, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti iléèwé ni wọ́n ń lò. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbowó, owó náà sì ń dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ohun méjì ló ba ètò yìí jẹ́. Èkíní ni owó. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń ra fíìmù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé e padà lọ fọ̀. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, apá àwọn eléré kò ká a mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n sá lọ bá. Èkejì ni olè. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ìyẹn Bàbá Sàlá, yáwó láti fi ṣe "Ọ̀run Móoru" lọ́dún 1982. Àwọn olè jí i dà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á kiri. Àwọn tó rà á jókòó sílé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbèsè ni ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ń san. Ọdún 2018 ni Bàbá Sàlá jáde láyé, àmọ́ irú olè bẹ́ẹ̀ kò bá a lọ. Mẹ́mórì káàdì ló rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì báyìí. Fíìmù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ṣe, wọn yóò dà á síbẹ̀ fún owó táṣẹ́rẹ́, kọ́bọ̀ kò sì ní í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Èyí kò túmọ̀ sí pé fíìmù wíwò nílé kò lóore. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìyálọ́mọ tí kò lè gbé ọmọ jáde lálẹ́, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ẹni tí ẹ̀rù ọ̀nà ń bà, gbogbo wọn ló ń jàǹfààní rẹ̀. Àwọn òṣèré mìíràn sì ń gbé fíìmù wọn sórí YouTube fúnra wọn, ìpolówó ọjà tó wà níbẹ̀ ló ń mówó wọlé fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń fi ra dátà, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì kò lè gbádùn ogun tí wọ́n ń jà lójú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ní ìlú ńlá, sinimá ti jí dìde. Fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé, "A Tribe Called Judah", tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa tó bẹ́ẹ̀ nílé sinimá. Ẹ̀rí nìyẹn pé èèyàn ṣì ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣòro kí ará Ìrẹsà wà nínú wọn. Kí àgbẹ̀ tó kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn nítorí fíìmù wákàtí méjì, ìnáwó ńlá ni. Ohun tó dunni jù ni pé ìtàn agbègbè yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe. Òkè-Ògùn ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ti ya "Aníkúlápó" tó jáde lọ́dún 2022. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà ni "House of Ga'a" ti ọdún 2024. Orí Netflix tó ń gbowó oṣooṣù ni méjèèjì wà. Ìtàn Ọ̀yọ́ ni, ará Ọ̀yọ́ tó wà lóko ni kò rí i wò.

Àwọn kan yóò ní ta ló tún fẹ́ jáde nílé nítorí fíìmù. Kí wọ́n lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ní òpin ọ̀sẹ̀. Owó ni àwọn ọ̀dọ́ ń san wọlé. Kì í ṣe pé wọn kò ní fóònù. Ariwo ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń wá. Ilé náà ní àga, ó ní jẹnẹrétọ̀, ó ní ẹni tó ń gbowó. Sinimá ti wà lábúlé, bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń fi í wò.

Ohun tó kù kò pọ̀. Kí àwọn tó ń gbé fíìmù jáde bá àwọn onílé bọ́ọ̀lù ṣe àdéhùn, kí fíìmù tuntun máa dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé àṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì jọ pín owó ẹnu ọ̀nà. Ìrẹsà Adú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Surulere. Ó yẹ kí káńsù yọ̀ǹda gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún àwọn àgbàlagbà àti ìyálọ́mọ, lọ́sàn-án tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Túndé Kèlání ti gbé sinimá kiri àdúgbò rí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kò sì wúwo mọ́ bíi ti ayé Ògúndé. Ẹnì kan lè gbé e lórí ọ̀kadà.

Ẹni tó bá fẹ́ wò nílé, kó máa wò ó, àmọ́ kó jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò yẹ kó di dandan kó dé Ìbàdàn. Bí ará oko kò bá rí ibi gidi sanwó sí, olè ni yóò máa gba owó náà.