A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan fá orí àbúrò mi níṣojú wa, a kò sì mọ̀.

Ojú àbúrò mi kò ríran dáadáa. Ìwé onílẹ́tà ńlá nìkan ló lè kà láìsí wàhálà. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, ìyá mi mú wa lọ sí kafé láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà: "Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ nílò ìwé ìdánwò onílẹ́tà ńlá?" Wọ́n ti fi àmì sí "Rárá" kí a tó débẹ̀. Bùrọ̀dá kafé ń kánjú kí iná má baà lọ, kò sì sí ẹni tó kíyè sí i. Lọ́jọ́ ìdánwò, ìwé onílẹ́tà wínníwínní ni wọ́n gbé síwájú ọmọ ọdún 11. Nígbà tí ìyá mi lọ fẹjọ́ sùn, èsì tí wọ́n fún un ni pé, "Mà, ẹ̀yin lẹ yan Rárá."

Mo sọ pé a kò yàn án. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà ló bá wa yàn án.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ PHP ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Àwọn àmì róbótó tí a fi ń mú ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní bọ́tìnnì rédíò. Ara rédíò ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá: bí o bá tẹ ọ̀kan, èyí tí o ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sọ sókè. Bí a bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, èyí tí àmì wà lórí rẹ̀ nìkan ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba fọ́ọ̀mù, máa rí. Bí ọmọ bá tẹ "Rárá" fúnra rẹ̀, leta_nla=rara ló máa dé ọ̀hún. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, tó jẹ́ pé wọ́n ti yàn án sílẹ̀, leta_nla=rara náà ló máa dé ọ̀hún. Sáfà kò lè mọ ìyàtọ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ pé àwa la yàn án?

Bí wọn kò bá yan ìkankan sílẹ̀ ńkọ́? Bí ènìyàn kò bá dáhùn, kò sí nǹkan kan tó máa dé ọ̀dọ̀ sáfà nípa ìbéèrè yẹn. Ẹni tó ń kọ kóòdù lè fi isset wò ó bóyá ìdáhùn wà, kó sì tún ìbéèrè náà bi wá. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn á kọ ọ́ pé bí kò bá sí ìdáhùn, kí sáfà kọ "rara". Orí kan náà ni wọ́n tún fá yẹn.

Àwọn kan á ní kí òbí máa fara balẹ̀ ka fọ́ọ̀mù. Òótọ́ ni, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ fi èsì sí wa lẹ́nu. Àwọn mìíràn á ní ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò nílò lẹ́tà ńlá, pé yíyan "Rárá" sílẹ̀ ń mú iṣẹ́ yá. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n bá àwọn yẹn dín kù. Odidi ọdún kan ni àbúrò mi pàdánù. Àwọn kan tún ní búráúsà lè dá ẹni tí kò dáhùn dúró. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè yí ohun tí búráúsà ń fi ránṣẹ́ padà. Sáfà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fọ́ọ̀mù fún wa, ẹ má yan ohunkóhun sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ara tàbí ọjọ́ iwájú ọmọ. Bí a kò bá dáhùn, ẹ tún wa bi. Kí a tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ fi gbogbo ìdáhùn wa hàn wá. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ wo àmì tí ẹ bá níbẹ̀ kí ẹ tó wo èyí tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀.

Àbúrò mi máa tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún yìí. Èmi ni mo máa jókòó tì í ní kafé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó mọ PHP ńkọ́?