A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Bí ẹ bá la àdúgbò èyíkéyìí kọjá ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó, ẹ ó rí ìwé pélébé-pélébé tí a lẹ̀ mọ́ géètì, mọ́ òpó iná àti mọ́ ògiri ìsọ̀. Ọ̀kan ń sọ ọjọ́ ìpàdé, òmíràn ń sọ iye owó ọdẹ, òmíràn ń kìlọ̀ pé géètì àdúgbò yóò máa di títì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ tí a ń yá ilé gbé ni kì í dúró kà wọ́n. Èrò wa ni pé onílé ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n àwa náà ni a ń san owó ọdẹ, àwa ni a ń gba ẹnu géètì wọlé lóru, àwa sì ni omi yóò ya wọ yàrá wa bí gọ́tà bá dí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn: ìkéde àdúgbò, àti ọ̀nà tí ẹni tí kò ní ilé fi lè ní ohùn níbi tí ó ń gbé.

Láyé àtijọ́, akéde ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ara géètì yìí. Ní àṣálẹ́ tàbí ní ìdájí, nígbà tí àwọn ènìyàn wà nílé, yóò lu agogo, yóò sì jíṣẹ́ ọba tàbí ti baálẹ̀: ọjọ́ tí a ó ro ọ̀nà odò, ọjọ́ tí ọjà kò ní í ná, ọjọ́ tí orò yóò jáde. Iṣẹ́ náà kì í parí sí ẹnu akéde. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní baálé, baálé ni ó sì ń sọ ohun tí ó kan ilé rẹ̀ fún tọmọ-tàlejò, tí ó tún ń gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ bá àwọn àgbà ìlú. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìròyìn ìbí, ikú àti ìrìbọmi wà lára ohun tí ó ń gbé jáde. Ìkéde àdúgbò kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ nínú ìtàn wa. Ó wà lára ohun tí ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí ó bá wa lónìí kọjá pé agogo di ìwé, tí ìwé sì di WhatsApp. Ilé gan-an ni ó yí padà. Nínú ilé alájà kan, ìdílé mẹ́fà lè máa gbé láìmọ orúkọ ara wọn. Onílé lè má gbé ibẹ̀. Ó lè wà ní ìlú mìíràn, kí ó máa fi fóònù béèrè owó ilé. Kò sí baálé tí yóò pe ará ilé jọ. Nítorí náà, ìkéde dé ẹnu géètì, ó dúró síbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèkéde pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́. Ní ibi púpọ̀, “ẹgbẹ́ onílé” ni wọ́n ń pè é. Àwọn àdúgbò kan ti sọ tiwọn di “ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé”, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Àdúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CDA. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ìpàdé, irun funfun ni ẹ ó rí jù lórí àga.

Mo rí ohun tí èyí ń fà ní àdúgbò tí èmi náà ti ń yá ilé gbé. Wọ́n ṣe ìkéde pé géètì méjèèjì tí ó wọ àdúgbò wa yóò máa di títì ní aago mẹ́wàá, nítorí àwọn olè tí ó ń fi ọ̀kadà já báàgì gbà. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n arábìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń gbé ilé tí ó kọjú sí tiwa. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni iṣẹ́ ọ̀sán ń parí ní ilé ìwòsàn wọn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ó délé kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù. Ní alẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìta géètì ni ó dúró sí nínú òkùnkùn, tí ó ń pe ọdẹ tí kò gbọ́. Géètì tí wọ́n fi lé olè jìnnà ni ó ń fi í sílẹ̀ fún olè.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó béèrè ọjọ́ ìpàdé, ó sì lọ. Èmi náà lọ lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sọ nọ́mbà ilé tí ó ń gbé àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe, lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo dúpẹ́ fún ààbò tí ẹ ń ṣe lórí wa. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní.” Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, alága dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, a ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ti ibi iṣẹ́ dé ní àkókò yẹn.” Kí ìpàdé tó túká, wọ́n ti fẹnu kò pé kí ọdẹ ní ìwé kan tí orúkọ àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wà nínú rẹ̀, kí àwọn náà sì ní nọ́mbà fóònù ọdẹ. Ènìyàn méje ni ó fi orúkọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ìkà nínú ìpinnu àkọ́kọ́ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tí ó ṣe é ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í jáde lẹ́yìn ìrun alẹ́. Àwọn Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n bí olórí kò bá jókòó, ibo ni kí onígbàjámọ̀ ti rí i?

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Bí tiransifọ́mà bá jó, ìkéde tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dá iye báyìí. Àwọn ayálégbé a kùn, wọ́n a san án. Ìlànà wà lórí èyí. Àjọ NERC tí ó ń ṣàkóso iná mànàmáná ti là á sílẹ̀ pé bí àwọn oníbàárà bá fẹ́ fi owó ara wọn ra irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tí ó ń pín iná tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí bí owó náà yóò ṣe padà sọ́dọ̀ wọn. Lábẹ́ Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ní àjọ tiwọn, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí ó ń ṣàkóso ibi tí ẹ wà. Ẹnì kan péré tí ó mọ èyí, tí ó sì dìde sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò, ti ṣe gbogbo àdúgbò lóore.

Ti gọ́tà ni ó tilẹ̀ léwu jù. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò gbàgbé ìkún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Àwa tí a kò tí ì délé ayé nígbà náà rántí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omi pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ìlú kan náà. Òjò ńlá ni ó rọ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi àti ilé tí a kọ́ sí etí odò ló jẹ́ kí ó burú tó bẹ́ẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ti ń fi dandan mú wa jókòó sílé ní Sátidé ìparí oṣù kí a lè tún àyíká ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kò sí òfin tí ó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti sé àwọn ènìyàn mọ́lé lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dáwọ́ ìsémọ́lé ọ̀hún dúró. Òfin lè dé, òfin lè lọ. Gọ́tà kò mọ èyí tí ó wà lóde. Kí ìjọba tó dé ni àwọn baba wa ti ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára ẹnì kan lọ, láìsí ọlọ́pàá ní oríta.

Mo mọ àwáwí wa, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi. Èkíní ni pé, “Èmi ò ní í pẹ́ kó kúrò níbí.” Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tí ènìyàn fi ń dúró de ìkókúrò, ọdún méjì nínú ayé rẹ̀ ni. Èkejì ni pé àwọn àgbà kò ní í gbọ́ tiwa. Àwọn kan kò ní í gbọ́ lóòótọ́. Síbẹ̀, àwọn kan náà ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn jókòó sí ìpàdé láti ìgbà tí àdúgbò ṣì jẹ́ igbó, tí wọ́n ń fi owó ara wọn fa ọ̀pá iná. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mọ rírì èyí yóò rí etí gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n ń kó owó jẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò béèrè ìṣirò bí kò ṣe ẹni tí ó wà níbẹ̀?

Ọ̀nà wo ni a ó gbà wọlé? Àkọ́kọ́, ẹ mọ ẹni tí ó ń ṣe ìkéde. Ẹ béèrè orúkọ alága, ti akọ̀wé àti ọjọ́ ìpàdé lọ́wọ́ ọdẹ tàbí lọ́wọ́ ìyá tí ó ń ta ọjà ní ìkóríta. Ẹ sọ fún onílé yín pé ẹ fẹ́ máa lọ. Inú púpọ̀ nínú wọn yóò dùn pé ẹnì kan yóò máa ṣojú ilé náà. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ ju kí ẹ sọ lọ.

Èkejì, ẹ mú ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe wá. Ẹni tí ó mọ ìṣirò lè bá akápò to ìwé owó. Ẹni tí ó mọ̀wé lè bá akọ̀wé kọ ìkéde, iṣẹ́ ńlá sì ni èyí. Ìwé kan tí mo rí lára òpó iná kà báyìí pé: “Ìkìlọ̀! Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ sanwó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹni tí ó bá kọ̀, ojú rẹ̀ yóò já a.” Ta ni yóò fi ayọ̀ sanwó lórí irú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí kalẹ̀ dípò rẹ̀: “Ẹ̀yin ará àdúgbò, a kí yín o. Níbi ìpàdé wa ti ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, a fẹnu kò láti tún afárá kékeré ẹnu ọ̀nà wa ṣe. Iye tí iṣẹ́ náà yóò ná wa àti ohun tí ó kan ilé kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹ san án fún akápò, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, tàbí tí owó kò bá rọrùn fún, kí ó rí akọ̀wé kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó pé.” Ìkéde pípé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, ibi tí a ti pinnu rẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àti ẹni tí a lè bi léèrè. Bí ọ̀kan bá dín níbẹ̀, ìfura ni yóò dí àlàfo náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí àdúgbò máa dá ru ẹrù ìjọba. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà, Àfikún Kẹrin Ìwé Òfin ọdún 1999 sì ka títún òpópónà àti gọ́tà ṣe, kíkó ìdọ̀tí, àti fífún ilé ní nọ́mbà mọ́ iṣẹ́ wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó tí ó tọ́ sí wọn máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà. Ẹ mọ kánsẹ́lọ̀ tí ó ń ṣojú wọ́ọ̀dù yín. Lẹ́tà kan tí ogójì ilé fọwọ́ sí, tí ó dárúkọ gọ́tà kan pàtó àti ibi tí ó ti wó, ṣòro láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju igbe ẹnì kan lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan, Òfin Òmìnira Ìwífún ti ọdún 2011 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè láìsọ ìdí, ó sì fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì.

Èyí tí ó kẹ́yìn jẹ mọ́ WhatsApp. Ó yára ju akéde lọ, ṣùgbọ́n akéde kì í jíṣẹ́ tí a kò rán an. Kí ẹ tó fi ìròyìn olè tàbí àwòrán ẹni tí a fura sí ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀mí aláìṣẹ̀ lè bá a lọ.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà ti wà lórí ìjókòó ní àdúgbò wa. Àga àwa ọ̀dọ́ ni ó ṣófo. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá mi wádìí ohun kan ṣoṣo: ọjọ́ wo ni ìpàdé tó ń bọ̀ ní àdúgbò yín, ibo sì ni? Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ yín, kí ẹ sọ fún òun náà.