Ìwé Tí Ọ̀fà Jẹ Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Ní Gbèsè

Ìtàn àròsọ fún àwọn ọ̀dọ́langba, èyíinì ni ìwé ìtàn tí wọ́n dìídì kọ fún ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 12 sí 18, tí olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, kò gbọdọ̀ máa sá fún ọgbẹ́ ọkàn, ìpalára-ara-ẹni àti àìsàn ọpọlọ mọ́ ní èdè Yorùbá. Ọgbẹ́ ọkàn ni ìfarapa tí ohun ẹ̀rù kan dá sí inú ènìyàn, tí ohun náà ti kọjá lọ ṣùgbọ́n tí ara àti oorun ẹni náà kò tíì gbà pé ó ti kọjá. Ìpalára-ara-ẹni sì ni kí ènìyàn máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe nítorí ìrora tí kò rí ẹni sọ fún. Àwọn tí wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì ń sọ pé ààbò ọmọ ni àwọn ń wá. Ààbò kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣe ni wọ́n ń fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ohun tí àgbàlagbà kò lè dá gbé, Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, sì ni ìlú tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ja bánkì márùn-ún lólè. Ó lé ní 30 ènìyàn tí wọ́n pa, ọlọ́pàá 9 sì wà nínú wọn. Ìjọba ṣe ìwádìí, ọwọ́ tẹ àwọn afurasí, ẹjọ́ náà sì falẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún àwọn márùn-ún. Lójú òfin, ọ̀rọ̀ náà ti ní ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 8 nígbà náà, tí ó gbọ́ ìró ìbọn láti inú ilé tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́jà, ti wà ní kíláàsì òkè nílé ẹ̀kọ́ girama báyìí, kò sì sí adájọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bi í bóyá ó ń rí oorun sùn. Bí ọgbẹ́ ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ọpọlọ tí ẹ̀rù bà gidigidi máa ń tọ́jú ìró, òórùn àti àwòrán ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí àwọn ọmọdé bá yin nọ́kàáòtù lásìkò ọdún, tàbí bí ọdẹ bá yìnbọn níbi òkú àgbà, ara ọmọ náà yóò ṣe bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n tún wà. Ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, ìwé tí ó ń kà kò ní wọ̀ ọ́ lórí mọ́, àwọn ará ilé a sì ní ojo ni, tàbí pé ó ya ọ̀lẹ.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fi kan ìwé tí yóò bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni pé àṣà òkèèrè ni, pé Yorùbá kì í gbé ikú àfọwọ́fà, ìyẹn ikú tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wá sórí ara rẹ̀, síwájú ọmọdé. Irọ́ gbáà ni. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá pè ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde ní 1970, ti wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama láti ìran dé ìran, ikú àfọwọ́fà ni eré náà sì fi parí. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ni ó yan ìparí yìí, nítorí pé nínú ìtàn gidi, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pípa ni wọ́n pa Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, lábẹ́ àṣẹ Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ní 1874. Nítorí náà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà òǹkọ̀wé Yorùbá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìpànìyàn di ikú àfọwọ́fà, wọ́n fi ìwé rẹ̀ ṣe ìwé ìdánwò, àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù ìwé tuntun kò sì bẹ̀rù tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé náà ni ó yẹ kí ó ba ènìyàn lẹ́rù. Ìbéèrè tí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ni pé kí ó ṣàlàyé ìwà Ẹfúnṣetán, ìdáhùn tí yóò sì gba máàkì ni pé ìkà ni, pé ó pàṣẹ kí ẹrú òun kankan má ṣe lóyún, pé ó ní kí wọ́n bẹ́ Adétutù, ẹrú rẹ̀ tí ó lóyún, lórí, àti pé ẹ̀san ké lé e lórí níkẹyìn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wẹ ìkà mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó sọ obìnrin náà di ohun tí ó dà, nítorí pé ìtàn kò fi bò pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í rí ìbéèrè tí yóò ní kí ó sọ ohun tí ọ̀fọ̀ lè ṣe sí ọpọlọ ìyá, tàbí ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ó yí i ká ṣe kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ dé ibẹ̀. Ohun tí ọmọ ń gbé jáde ní kíláàsì ni pé ikú àfọwọ́fà jẹ́ èrè ìkà, tàbí kí ó jẹ́ àbáyọ ẹni ńlá tí ìtìjú ká mọ́, nítorí pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe yìí lè ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn jagunjagun tí wọ́n mọ ohun tí ìṣẹ́gun ọ̀tá túmọ̀ sí. Kò ní àyè kankan lọ́dọ̀ ọmọbìnrin ọdún 15 tí wọ́n pín àwòrán ìhòòhò rẹ̀ kiri lórí WhatsApp, tàbí lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó bá sì ń fi kọ́ ọmọ láìsọ èyí fún un ń ṣe ohun tí ó léwu.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yẹ kí wọ́n dá a lóhùn bí ó ti yẹ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìwé lè kọ́ ọmọ ní ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òǹkọ̀wé Goethe tẹ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Werther, tí ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, jáde ní Jámánì ní 1774, ìlú Leipzig fòfin dè é, nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn ọ̀dọ́ ń fara wé ikú rẹ̀. Ní 2007, Jay Asher tẹ ìwé Thirteen Reasons Why, ìtàn ọmọbìnrin kan tí ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, jáde ní Amẹ́ríkà, Netflix sọ ọ́ di eré ní 2017, ìwádìí kan ní 2019 sì sọ pé ikú àfọwọ́fà láàárín àwọn ọmọ ọdún 10 sí 17 pọ̀ sí i ní oṣù tí ó tẹ̀ lé ìjáde eré náà. Àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ ìṣirò náà wò, wọ́n sì ta kò ó, ṣùgbọ́n Netflix fúnra rẹ̀ yọ ìran tí ó fi ikú náà hàn kúrò ní 2019, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ dá lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ìtàn náà: ó ṣàfihàn bí ikú ṣe wáyé, ó sọ ikú di ọ̀nà ìgbẹ̀san lára àwọn tí ó ṣẹ ọmọ náà, ó sì fi àgbàlagbà tí ó lè ranni lọ́wọ́ hàn bí ẹni tí kò wúlò. Ìwé tí kò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yẹ kí ó jẹ ìyà èyí tí ó ṣe wọ́n.

Àwọn oníbẹ̀rù kì í sì í sọ apá kejì ìwádìí. Ní 2005, Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama tí ó lé ní 2,000 ní ìpínlẹ̀ New York jáde, wọ́n sì rí i pé bíbi ọmọ léèrè bóyá ó ń ronú àtikú kò fi èrò náà sí i lórí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Austria rí i pé ìròyìn nípa ẹni tí ayé sú, tí ó sì rí ọ̀nà là á já, a máa bá àdínkù ikú àfọwọ́fà rìn. Orúkọ Papageno ni wọ́n fi pe èyí, ẹ̀dá inú eré olórin Mozart ti ọdún 1791, tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí àwọn ọmọdékùnrin mẹ́ta tó dá a dúró, tí wọ́n sì rán an létí pé ọ̀nà mìíràn wà. Ìwé irú èyí ni Ọ̀fà nílò.

Ìdí tí ó fi nílò rẹ̀ hàn nínú ilé lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá sọ pé ayé sú òun, èsì tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ni ó rí tí ayé fi sú u, ta ni ó ń bọ́, ẹrù ta ni ó ń rù. Òbí tí ó sọ bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dé góńgó. Kò tíì gbọ́ èsì mìíràn rí ni, kò sì kà á níbì kankan. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tí ó lé ní 2,000 ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ń sọ Yorùbá, ó sì lé ní ẹni 8 nínú 10 tí ó ní ẹ̀rù yóò ba òun láti bá alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ tí dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò ti fi hàn láti 1954, ní Arò l'Abẹ́òkúta, pé alárùn ọpọlọ lè máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kí ara rẹ̀ sì yá, ìtìjú ńlá ni èyí. Òfin pàápàá kò yàtọ̀. Òfin Penal Code tí wọ́n ṣe fún àwọn ìpínlẹ̀ àríwá, tí Kwara wà lára wọn, sọ ní abala 231 pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2023, kò mú abala náà kúrò. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ọlọ́pàá lè wá bá òun lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kò ní la ẹnu.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni èyí, pé àdúà àti wàásù ti tó. Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kristi kọ ikú àfọwọ́fà, kò sì sí ẹni tí ń bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìmọ òfin Ọlọ́run ni ó ń yọ ọmọ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí, wọ́n sì ti fi ẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ kún ìrora tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ààfáà tàbí pásítọ̀ ni ẹni ìkẹyìn tí wọ́n máa fẹ́ bá sọ ọ́. Ìwé ìtàn lè la ọ̀nà fún ààfáà náà. Bí ọmọ bá ti ka ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ tirẹ̀ fún àgbàlagbà kan, tí àgbàlagbà náà kò sì ké mọ́ ọn, òun náà yóò mọ ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ti ní díẹ̀ nínú èyí: Kambili, ọmọ ọdún 15 inú Purple Hibiscus tí Chimamanda Adichie tẹ̀ jáde ní 2003, mọ bí lílù àti ẹ̀rù baba ṣe ń gba ohùn lẹ́nu ọmọ. Ẹni tí ó bá wá irú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí a kọ fún ọ̀dọ́langba òde òní, yóò wá a tì.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Kí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ Ọ̀fà ná owó sórí ìwé ìtàn àròsọ kan, lédè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Ọ̀fà, nípa ọmọ kan tí ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, 2018 kò kúrò lára rẹ̀. Kí òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ ọ́, kí dókítà ọpọlọ láti Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin sì ka àfọwọ́kọ rẹ̀ kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé, kí ohunkóhun tí ó bá ṣàlàyé ọ̀nà ìpalára-ara-ẹni lè kúrò nínú rẹ̀. Kí ọmọ inú ìtàn náà ṣàárẹ̀ bí ọmọ gidi ṣe ń ṣàárẹ̀, kí ara rẹ̀ má yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ó padà sẹ́yìn nígbà mìíràn, kí ó sì wà láàyè ní ojú ewé tí ó kẹ́yìn. Kí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Kwara kọ́ olùkọ́ Yorùbá kan àti olùdámọ̀ràn kan ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kí ìwé náà tó wọ kíláàsì, kí olùkọ́ lè mọ ibi tí yóò gbé ọmọ tí ó bá sunkún lẹ́yìn kíkà á lọ. Kí ìbéèrè ìdánwò lórí rẹ̀ má sì ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìwà ọmọ náà, bí kò ṣe kí ó sọ ohun tí òun ìbá bá a sọ.